Ìdí Tí Èèrà Fi Ń Forí Kanrí Lójú Ọ̀nà

Nígbà láéláé, tí èèrà méjì bá pàdé lójú ọ̀nà, ńṣe ni wọ́n máa ń kọjá lára ara wọn bí ẹni tí kò mọra rí. Kò sí ẹ dúró, kò sí ẹ kú ìrìn.

Lọ́dún kan, ìyàn mú. Èrún iṣu kan ṣoṣo ló kù nílé Ìyá Èèrà. Ó gé e sí méjì, ó tún gé e sí méjì, ó ń pín in fáwọn ọmọ rẹ̀ títí ó fi kan àbíkẹ́yìn, Tíńtín.

Ọ̀rọ̀ Tíńtín ló ń já ìyá láyà jù, torí ọmọ náà kò sunkún mọ́. Ọmọ tí ebi ń pa tí kò sunkún!

Ẹyọ bíńtín kan ló kù. Ìyá gbé e sẹ́nu ọmọ, kò wọlé. Ó ní kóun gé e. Bó ṣe la ẹnu báyìí, ẹyọ náà kígbe.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má gé mi o! Kò-ṣeé-gé lorúkọ mi. Ọ̀dọ̀ mi ni gígé parí sí."

"Ta ló sọ ẹ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn àgbà ni, mà."

"Ṣé wọ́n gé ẹ wò ni?"

"Rárá o. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n rò ó ni."

"Wọ́n rò ó!" Ìyá Èèrà pòṣé. Ó gbé Kò-ṣeé-gé lérí, ó ń wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé e. Kí ọkàn àwọn ará ilé lè balẹ̀, ó to àwọn ọmọ rẹ̀ sójú ọ̀nà látẹnu ilẹ̀kùn. Ohun tí ó bá gbọ́ níwájú, wọn yóò máa sọ ọ́ létí ara wọn títí dé ọ̀dọ̀ Tíńtín.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ pàdé. Ọ̀kẹ́rẹ́ fi eyín kàn án, kó! "Ìyá Tíńtín, èkùrọ́ ni. Ó le látòkè délẹ̀."

Ìròyìn lọ sílé. Tíńtín gbọ́, ó tún dùbúlẹ̀.

Ẹ̀gà wà lórí igi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Èkùrọ́ kẹ̀! Ọ̀kẹ́rẹ́, kí ni kì í ṣe èkùrọ́ lójú tìẹ? Mo rí i tí nǹkan wínníwínní kan já bọ́ lára ẹyọ yìí bó ṣe ń gbọ̀n. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ni! Ó rọ̀, nǹkan sì há sínú rẹ̀ káàkiri."

"Kò já," ni Kò-ṣeé-gé wí. "Ó kàn bọ́ ni."

Ìròyìn tún gbéra. Ẹni àkọ́kọ́ ní, "Mọ́ínmọ́ín ni." Ẹni àárín ní, "Mọ́ínmọ́ín wà." Nígbà tó máa délé, "Mọ́ínmọ́ín ń bọ̀!" ló dà. Tíńtín dìde jókòó, ó fọwọ́, ó gbé abọ́ síwájú.

Nígbà tí ìyá gbọ́, ó káwọ́ lérí. "Mo gbé! Ọmọ mi ti fọwọ́!"

Àsìkò yẹn ni Ọ̀bọ ń kọjá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú bàǹbà. Látìgbà tí ìyàn ti mú ló ti ń sọ pé eyín ń dun òun.

"Bàbá Ọ̀bọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i."

"Mmm, mmm," ni Ọ̀bọ wí, ó ń juwọ́.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ni Ẹ̀gà wí. "Wọn ò mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ọ̀bọ. Ó gba Kò-ṣeé-gé, ó fẹnu fẹ́ ẹ: fúú! Ìyẹ̀fun àgbàdo tú jáde lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gba inú Kò-ṣeé-gé kọjá bí ẹni gba ojú fèrèsé, ó dà sílẹ̀ lódìkejì.

"Háà! Eyín ló ń dùn yín yẹn, àbí?" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí.

Ọ̀bọ kò tiẹ̀ gbọ́. "Ó kọjá! Kì í ṣe mọ́ínmọ́ín. Inú rẹ̀ ṣófo!" Ó tún fẹ́ ẹ. Lójijì, ẹyọ ìyẹ̀fun kan ta padà, ó bà á lójú. "Yéè! Nǹkan kan wà láàárín o! Ilé ńlá ni, ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó sáàárín, ó le bí òkúta. Àwọn bíńtín ń sá yí i ká bíi kantíkantí."

Ìyá Èèrà wo òkìtì ìyẹ̀fun tó wà nílẹ̀. Ó rọra ní, "Kò tíì dá mi lójú o, Bàbá. Ẹ tún fẹ́ ẹ ká wò ó."

Ọ̀bọ fẹ́ ẹ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi pẹlẹbẹ. Àwọn ọmọ èèrà ń ru ìyẹ̀fun náà lọ sílé lẹ́yìn rẹ̀. Kò pẹ́, igbe ta látilé. Ìyẹ̀fun ló há Tíńtín lọ́fun. "Omi! Ẹ fún mi lómi!"

Ìyá rẹ̀ gbọ́ ẹkún náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ojú ti Kò-ṣeé-gé pé gbogbo ayé ti wo inú ilé òun. Ó súnkì, ó tún súnkì, títí ojú lásán kò fi rí i mọ́. Ṣùgbọ́n kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà kò rò ó mọ́.

Ọ̀bọ ń nu ojú, ó ní, "Ẹ má tíì sọ pé ó parí. Mi ò tíì mọ ohun tó wà nínú ẹni tó jókòó sáàárín yẹn."

Ni Ìyá Èèrà bá pe àwọn ọmọ rẹ̀. "Ẹ ti rí i pé ìròyìn àárọ̀ kọ́ ni ti ọ̀sán. Ẹni tẹ́ ẹ bá pàdé, ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ bi í dáadáa."

Láti ọjọ́ náà ni èèrà méjì kì í ti í pàdé kí wọ́n má forí kanrí. Ọ̀kan á ní, "Kí la gbọ́ báyìí?" Èkejì á ní, "Wọ́n tún ti rí òmíràn nínú Kò-ṣeé-gé o." Bí ìyẹ̀fun bá sì dà sílẹ̀ níbì kan, wọ́n á sọ ìyẹn náà.