Ọfà Alápá Ọdẹ́rìndé

Ní ìlú Òkè-Ìyeyè, ọdẹ kan wà tó ń jẹ́ Ọdẹ́rìndé. Èmi kò ní sọ pé ọdẹ burúkú ni. Àwọn tó burú jù ú lọ pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé ìgbín ni wọ́n ń kó bọ̀ láti igbó, tí wọ́n á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ru ẹfọ̀n. Ọdẹ́rìndé ń pa ẹran ní tirẹ̀, àmọ́ ẹran tí ẹnu rẹ̀ ń pa pọ̀ ju èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ń pa lọ.

Alágbẹ̀dẹ ìlú náà ni Ògúnsakin, òun náà kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń wọ́n lẹ́nu. Bó bá rọ abẹ́rẹ́, idà ni yóò pè é. Ní ọdún kan, ó rọ irú orí ọfà kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Orí ọfà tí gbogbo ayé mọ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kúrò nínú iná. Ti Ògúnsakin yìí ní apá méjì tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ tó bà sórí igi. Yóò fò tọ́ bí igi ìgbálẹ̀, àmọ́ bó bá ti kan ara ẹran, apá méjèèjì á là gbàgà, ihò tó bá dá sí i á tó èyí tí ọwọ́ ń wọ̀. Ó pè é ní ọfà alápá. Àwọn ọdẹ bi í pé ti àtijọ́ wá ńkọ́, ó ní, "Ti àtijọ́? Ẹ máa fi pa alángbá." Ojú ti gbogbo wọn, wọ́n sáré ra alápá. Ẹni tó bá fẹ́ ta nǹkan fún ọdẹ, kó ṣáà ti fi alángbá bú u.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, Ọdẹ́rìndé fi ọfà alápá ta àgbọ̀nrín kan lábẹ́ igi ìyeyè tó wà létí odò. Ọfà là, ẹran kò rìn ju ibi tó dúró sí lọ. Ohun tó dára ni. Ìyọnu rẹ̀ ni pé ìlú kò gbádùn mọ́ láti ọjọ́ náà. Bí ẹ bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, yóò ní irú àárọ̀ báyìí ni òun rí i. Bí òjò bá ṣú, yóò ní ọpẹ́lọpẹ́ pé òjò kò ṣú lọ́jọ́ yẹn. Ó pín lára ẹran náà fún àwọn àna rẹ̀, ó sì yan èyí tó kù, ó so ó rọ̀ sókè àrò. Ó gbé ọfà náà kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ẹni gbé adé kọ́. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ni yóò máa já a díẹ̀díẹ̀ sí ọbẹ̀. Òòrùn lọ, òjò dé, òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ, ẹran kò tán.

Ìgbà náà ni baba Àwẹ̀ró kú. Ó dàgbà dáadáa kó tó lọ, nítorí náà ayẹyẹ ni òkú rẹ̀. Àṣà wọn ni pé ọkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gbé ẹran wá fún ìdílé, ìdílé yóò sì jẹ ẹ́ lójú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pe orúkọ ọkọ náà, tí ìyàwó rẹ̀ á jó jáde níwájú agbo. Ọkọ àbúrò Àwẹ̀ró, ahunṣọ lásán tí kò lè pa eṣinṣin, ti so òbúkọ gìrìwò mọ́lẹ̀.

Àwẹ̀ró wí fún ọkọ rẹ̀ pé, "Baba Ìyíọlá, ẹ jẹ́ ká tètè wá ewúrẹ́ kan."

"Ewúrẹ́ kẹ̀? Èmi ọdẹ? Àgbọ̀nrín tútù ni màá gbé síwájú wọn. Mo ti ránṣẹ́ sí wọn bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ti ránṣẹ́!" Àwẹ̀ró káwọ́ lérí. "Tí ẹ bá wá dójú tì mí nídìí òkú baba mi, ilé ta ni kí n gbé ojú mi lọ?"

"Èṣí ńkọ́? Ṣé mo dójú tì ọ́ léṣìí?"

Ọdẹ́rìndé kọjá sí àgbẹ̀dẹ láti gba ọṣán tuntun fún ọrun rẹ̀. Ògúnsakin na orí ọfà kan sí i, irú ti àtijọ́ tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, tó mú bí abẹ.

"Mú èyí lọ. Ó dáa fún àgbọ̀nrín."

Ọdẹ́rìndé wò ó bí ẹni wo ẹ̀kọ tó kan. "Ìwọ Ògúnsakin! Ṣe bí alángbá lo ní ká fi pa?"

"Èṣí nìyẹn."

"Ẹnu rẹ náà nìyẹn."

"Ẹnu mi ni, mo ti kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Ojú ti rí nǹkan látìgbà yẹn. Ìdọ̀tí kékeré ló ń há sí oríkèé apá yẹn tí kò fi ní là. Gbogbo àwọn ọdẹ ti dá a padà fún mi. Wo igun ọ̀hún, abẹ́rẹ́ ni mo ń fi wọ́n rọ. Níbo lo ń gbé tìrẹ sí?"

"Lókè àrò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran tó pa."

Ògúnsakin rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé irin nínú iná. "Ọ̀rá ń kán sí i lókè, èéfín ń fín in nísàlẹ̀! Ìwọ yan ọfà jẹ ni? Gbé e wá kí n fọ̀ ọ́."

"Kí o lè fi tèmi náà rọ abẹ́rẹ́? Ṣé kò là léṣìí ni?"

"Ó là léṣìí."

"Ó tán nìyẹn."

Ẹ má bínú sí Ọdẹ́rìndé jù. Oníṣòwò tó fi ẹnu ara rẹ̀ ba ọjà kan jẹ́ lánàá, tó tún ń fi ẹnu kan náà tà á lónìí, ta ni yóò gbà á gbọ́?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú, Ọdẹ́rìndé gun igi tó kọjú sí igi ìyeyè etí odò. Kò pẹ́ tí àgbọ̀nrín kan yọ, akọ tó sanra, ó ń ṣa èso ìyeyè jẹ. Ọdẹ́rìndé fa ọrun, ó ta á. Kò tàsé rárá: ìhà gan-an ló bà. Ohun tí a gbọ́ ni "pó," bí ìgbà tí ọmọdé ju èèpo igi lu ògiri. Apá kò là. Ọfà ré bọ́ sílẹ̀. Àgbọ̀nrín gbé orí sókè, ó wo ọfà, ó wo ọdẹ, ó ṣa ìyeyè kan sí i kó tó bẹ́ wọ inú igbó. Ọdẹ́rìndé sọ̀ kalẹ̀, ó fi èékánná tú apá ọfà náà, kò tú. Ó fi eyín tú u, ẹnu rẹ̀ dú. Ó jókòó sí ibẹ̀ títí di ọ̀sán, ẹran mìíràn kò wá.

Nígbà tó délé, Àwẹ̀ró jáde pàdé rẹ̀. Ó rí ẹnu dúdú, ó rí ọwọ́ òfo. Ó tún rí i pé ojú ọkọ òun ń lọ sókè àrò.

"Baba Ìyíọlá, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ẹ jẹ́ ká lọ tọrọ àkùkọ pàápàá."

"Ta ni yóò mọ̀? Ẹran ni ẹran ń jẹ́. Rẹ ẹ́ sómi, kí o da ata bò ó."

Ní ọjọ́ kejì, ilé òkú kún. Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ fún èwe, gẹ́gẹ́ bí àna. Wọ́n gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ wá sáàárín, wọ́n sì bu tirẹ̀ fún òun náà, kó bá wọn jẹ. Ìyá Láníhùn, ẹ̀gbọ́n olóògbé, tí eyín ẹnu rẹ̀ ti ń dágbére, ló kọ́kọ́ fi ẹran sẹ́nu. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń jẹ ẹ́. Ẹran kò dáhùn.

"Àna wa, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Ìyá Láníhùn wí, ó ti ẹran sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. "Báwo lẹ ṣe pa á?"

Ohun tí ì bá gba Ọdẹ́rìndé là ni kó ní orí ló ṣe é, kó panu mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n bi í báwo! Ó bu òkèlè sẹ́nu, ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀:

"Ẹ̀yin ìyá mi, mo kúkú lọ sí etí odò…"

"Lábẹ́ igi ìyeyè," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí i tó yọ…"

"Tó ń ju ìrù," ni àwọn obìnrin tó wà nídìí àrò dáhùn.

"Mo fa ọrun, ọfà alápá mi sì là…"

"Gbàgà!" ni gbogbo agbo ké. Ògúnsakin alágbẹ̀dẹ, tó wà láàárín wọn, fi aṣọ bo ojú.

Ọdẹ́rìndé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òkèlè ẹnu rẹ̀. Ìyá Láníhùn yọ ẹran kúrò lẹ́nu, ó wò ó lójú òòrùn, ó rọra fi lé etí àwo.

"Ọkọ ọmọ mi," ló wí, kò pariwo rárá, "itan ẹran yìí lo fún mi ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ìtàn rẹ̀ náà lo sì sọ fún mi. Ayé ti kúrò níbẹ̀. Àgbọ̀nrín èṣí lò ń jẹ lọ́bẹ̀."

Ẹ̀rín náà dé ìta. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ àwọn ọkọ ọmọ, wọ́n pe ahunṣọ, wọn kò pe ọdẹ. Ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti jó òkú baba rẹ̀, kò sì bojú wo ibi tí ọkọ rẹ̀ jókòó sí.

Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá ń fi ohun tó ti kọjá ṣe ọgbọ́n òní, àwọn àgbà kì í bá a jiyàn mọ́, wọ́n á kàn wí fún un pé: "Àgbọ̀nrín èṣí lò ń jẹ lọ́bẹ̀."