Àwẹ̀ró àti Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Ìlú Mẹ́ta Kọ̀

Ọkọ̀ náà ti ń rọra wọ ibùsọ̀ Ìsàyè ní ọ̀sán gangan, gbogbo fèrèsé rẹ̀ sì wà ní títì pa. Àwọn tí ó ń dúró dè é kọ́kọ́ ṣàkíyèsí èyí, nítorí ooru ọjọ́ náà kò jẹ́ kí ènìyàn lè ti fèrèsé. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni ó ni ọkọ̀ yìí, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń kó èrò láti oko lọ sí etí odò kí ìjọba tó gba gbogbo ojú irin sọ́wọ́. Èrò méjìlélógójì ni ó kó. Ìgbóná ti wọlé sí wọn lára, àrùn tí àwọn àgbà kì í dárúkọ lọ́sàn-án. Olóde ni wọ́n ń pè é. Ìlú méjì ti fi òkò lé wọn. Ìsàyè ni ìkẹta, àwọn ọkùnrin ibẹ̀ sì ti tan ògùṣọ̀ sílẹ̀.

“Ẹ padà síbi tí ẹ ti wá!” Lápàdé, Ọ̀tún Baálẹ̀, ni ó ń pariwo. “Bí ilẹ̀kùn kan bá ṣí, a ó sun ún!”

Awakọ̀ yọ orí síta. “Baba, omi ẹ̀rọ ti ń tán lọ. Kò lè gbé wa kọjá máìlì méjì mọ́. Ṣé kí n máa tutọ́ sí i ni?”

Àárín àwọn ọkùnrin náà ni Àwẹ̀ró amọ̀kòkò gbà kọjá, Àwẹ̀ró a-rí-iná-má-yẹsẹ̀, amọ̀ tí iná sun tí ó wá di ìkòkò. Olóde ti bá a jà ní kékeré, ó sì yè é. Ojú rẹ̀ kún fún àpá wínníwínní bí ìdí ajere.

“Ọ̀tún, ẹ kú ìtọ́jú ìlú,” ni ó wí. “N kò ní kí wọ́n wọ ilé yín. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìdí ìyeyè tí mo ti ń wa amọ̀, bàbá mi ni ó fi lé mi lọ́wọ́, kò sì jìnnà ju máìlì kan lọ sí ibí. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yìí gbé wa débẹ̀. Fún ogójì ọjọ́, ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní wọ Ìsàyè. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ kan rú àdéhùn yìí, ẹ sun mí.”

“Ta ni yóò tẹ̀lé ọ, ojú ajere?” ni Lápàdé bi í.

“Èmi nìkan tó. Ẹ̀yin tí ojú yín ń dán, ẹ lọ máa pa á mọ́.”

Lápàdé gbé ògùṣọ̀ rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ògúnmọ́dẹdé, ọ̀gá ibùsọ̀, ti gba iṣẹ́ wáyà láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí èrò kankan sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó ti rí ọwọ́ kan lára gíláàsì, ó sì mọ òrùka náà. Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni. Ó gbé àsíá aláwọ̀ ewé sókè, ọkọ̀ sì gbé Àwẹ̀ró lọ.

Amọ̀ tí ì bá fi mọ ìkòkò ni ó fi mọ ògiri. Ó ń po ẹ̀kọ, ó ń wẹ ojú egbò, ó sì ń gbẹ́ ilẹ̀ fún àwọn tí ó kú. Ẹnikẹ́ni kì í sunkún òkú Olóde. Ọpẹ́ ni ará ilé òkú gbọ́dọ̀ dú, kí inú má baà bí Olóde kí ó tún mú ẹlòmíràn. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ó yè. Wọn kò padà sílé mọ́. Àwọn ni wọ́n di ìlú Ìdí-Ìyeyè. Títí di òní, obìnrin ni í jẹ Baálẹ̀ níbẹ̀, wọn kì í sì í bi àlejò níbi tí ó ti ń bọ̀ kí ó tó jẹun yó.

Ní ọjọ́ kọkànlélógójì, Ògúnmọ́dẹdé fẹsẹ̀ rin ojú irin wá. Ó ti nu bàtà rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé, ṣùgbọ́n eruku ti bò ó.

“Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Àṣàkẹ́ ńkọ́?”

Àwẹ̀ró nu amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù. “Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni ó lọ. Ọwọ́ mi ni ó kú sí. Dúpẹ́, ọmọ mi. Àwọn tí ó kù ṣì wà nínú ilé.”

Ògúnmọ́dẹdé wo ògiri amọ̀ náà títí.

“Mo dúpẹ́,” ni ó wí. Ó yí padà, ó sì bá ojú irin lọ.