Ìdúpẹ́ Fadérera Lórí Wasáàpù
Mo ti rìn jìnnà, n kò tíì rí irú Fadérera, akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí. Òjò ṣú, ọ̀gá rẹ̀ Láṣebìkan ní kí ó kó sìmẹ́ǹtì iléeṣẹ́ síta kí ìrẹsì tòun lè wọlé: "Bó o bá kọ̀, máa lọ sílé, bó bá bàjẹ́, n kò rán ẹ." "Ẹ ṣé, sà," ni Fadérera wí, ó sì kọ ọ́ sórí Wasáàpù iléeṣẹ́, níbi tí Màmá tó ni iṣẹ́ wà: "Ọ̀gá wa, ẹ ṣeun tí ẹ ní kí n kó sìmẹ́ǹtì síta fún ìrẹsì yín. Òjò ṣú o. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?" Láṣebìkan sáré dé: "Pa á rẹ́, jọ̀ọ́!" "Màmá ti kà á, sà." Òjò dé bá sìmẹ́ǹtì nínú ilé, ó bá Fadérera lórí àga rẹ̀, ìrẹsì ọ̀gá ló ń wẹ̀ níta.