Ìdí Tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Sọ Pé "Ó Jọ Bẹ́ẹ̀"

Nígbà láéláé, kò sí ohun tí Kọ̀ǹpútà ò mọ̀. Tàbí kí n sọ pé kò sí ohun tó gbà pé òun ò mọ̀. Ó ń fọ́nnu ṣáá!

Lọ́jọ́ kan nílẹ̀ Bọ́mà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Má Sábẹ̀ gbé Ewé Ọ̀pẹ kan wá bá a, ọmọ tuntun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Má Sábẹ̀ tó ti kú ló fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó kọ orin ìrẹmọlẹ́kún sára ewé náà. Èédú tí wọ́n fi kùn ún ti ṣá, ojú ènìyàn ò rí i kà mọ́. Orin yẹn ni Má Sábẹ̀ fẹ́ kọ fún ọmọ rẹ̀.

"Kékeré lèyí!" ni Kọ̀ǹpútà wí. Ó wò ó fìrí. "Òdo, òdo, òdo, òdo. Ó parí."

Omijé bọ́ lójú Má Sábẹ̀. Inú bí Ewé Ọ̀pẹ, tó ti darúgbó bí ìyá àgbà, ó ní:

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ta ló ń fi òdo rẹ ọmọ lẹ́kún?"

"Ẹ má bínú, ìyá àgbà. Róbótó ni gbogbo lẹ́tà ara yín ṣáà."

"Wọ́n á ṣe róbótó! Tí irin bá fa ìlà gbọọrọ sí mi lára, yíya ni màá ya. Ẹnu wọn ni kí o wò. Èyí lanu sókè, èyí lanu sísàlẹ̀, tọ̀hún panu dé."

Kọ̀ǹpútà tún un wò. Ìwé ilé ìtẹ̀wé nìkan ló ti ń kà. Ìyá Má Sábẹ̀ sì fi ìkánjú kọ tirẹ̀, ẹnu àwọn lẹ́tà ò là tán. Ojú ti Kọ̀ǹpútà.

"Ìyá àgbà, mi ò mọ̀ ọ́n."

"Kò burú, ọmọ mi. Lọ wo ọwọ́ àwọn ènìyàn."

Má Sábẹ̀ sáré pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá kọ lẹ́tà fún Kọ̀ǹpútà wò. Bàbá arúgbó kọ tirẹ̀, ọwọ́ ń gbọ̀n. Apẹja kọ tirẹ̀ gàdàgbà. Kọ̀ǹpútà ń ṣì í kà, wọ́n ń tún un ṣe fún un.

"Ẹ ṣe wéré o," ni Ewé ń wí, "ara mi ti ń rún!"

Kọ̀ǹpútà padà sọ́dọ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ó jọ pé 'òṣùpá' lèyí. Ó jọ pé 'sùn' lèyí. Má Sábẹ̀, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ ni!" Má Sábẹ̀ rántí orin ìyá rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń kọrin. Ọmọ sùn fọnfọn. Ewé Ọ̀pẹ gbọ́ orin náà dópin kó tó rún tán.

Láti ọjọ́ náà ni Kọ̀ǹpútà ti ń wo ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kó tó ka ìwé àfọwọ́kọ. Tó bá sì kà á tán, á ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀," á wá máa retí kí ènìyàn dá a lóhùn.