Bí Abẹ́rẹ́ Ṣe Há Sẹ́nu Oká

Nígbà láéláé, kò sí ejò kankan tó ní oró lẹ́nu, kò sì sí èyí tó ní ọnà lára. Ara gbogbo wọn rí gbọọrọ, ó ń dán bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Bí òtútù bá mú, aṣọ ni wọ́n ń dà bora bíi ti ẹranko yòókù.

Oká ni aránṣọ igbó nígbà náà. Aṣọ onírépé ni iṣẹ́ rẹ̀. Yóò gba ìrépé aláró lọ́wọ́ Agbe, yóò gba olósùn lọ́wọ́ Àlùkò, yóò sì tọrọ funfun lọ́wọ́ Lékeléke. Yóò gé wọn kéékèèké, yóò tò wọ́n sílẹ̀, yóò wá rán wọn pọ̀ títí wọn yóò fi di odindi aṣọ. Ẹnu ló fi ń di abẹ́rẹ́ mú, ìrù ló fi ń fa òwú.

Ọnà kan ṣoṣo ló mọ̀. Aró kan, funfun kan. Aró kan, funfun kan. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ráhùn, nítorí kò sẹ́ni tó tíì rí òmíràn.

Nígbà tó yá, Òjòlá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ gígùn ni Òjòlá, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Oká kọ́ ọ tọkàntọkàn. Ó kọ́ ọ bí a ti ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ó kọ́ ọ bí a ti ń so ó ní kókó tí kò ní tú. Ọjọ́ tó yọ̀nda rẹ̀, ó gbàdúrà fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yóò mú un jẹun. Àdúrà náà sì gbà. Ibi tó ti gbà jù ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ gbé aṣọ Òjòlá jáde. Oká wà létí odò lọ́jọ́ náà, ó ń mumi. Ó rí Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń bọ̀, tó ń yí bírí, tó tún ń yí bírí, kí gbogbo ayé lè rí ẹ̀yìn òun. Aṣọ náà kì í ṣe aró kan, funfun kan. Funfun rẹ̀ fọ́n káàkiri orí aró, òmíràn gùn, òmíràn rí roboto, bí ẹni pé wọ́n ń mì lórí ẹ̀.

"Ìyá Oká," Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "ṣé ẹ rí iṣẹ́ ọmọ yín?"

"Mo rí i," Oká dáhùn. "Ó dára."

Ó dára lóòótọ́. Ohun tó dùn ún gan-an nìyẹn. Omi tó ń mu korò sí i lẹ́nu, ó sì gbé e mì.

Kò pẹ́ tí Ẹtu náà fi gbé tirẹ̀ jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Òòrẹ̀, tòun ti gbogbo ọmọ rẹ̀. Aṣọ kan ò jọ ọ̀kan. Àwọn tó ń yà sílé Oká bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Oká yóò jókòó ti ìrépé rẹ̀, yóò di abẹ́rẹ́ méjì mú sẹ́nu bó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀nà ilé Òjòlá ni ojú rẹ̀ yóò máa wò. Òwú ló wà lẹ́nu rẹ̀, owú ló ń gbé mì.

Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó gba ilé Òjòlá lọ.

"Ẹ káàbọ̀, ìyá mi," ni Òjòlá kí i. "Ẹ jókòó."

"N ò jókòó. Òjòlá, ta ló ń fún ọ ní ọnà wọ̀nyí?"

"Kò sẹ́ni tó ń fún mi, ìyá mi. Mo kàn máa ń wò ni."

"O ń wo kí ni?"

"Ohun tó bá ṣáà wà níwájú mi. Ẹ rí ti Ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn, abẹ́ ọ̀pẹ ni mo dùbúlẹ̀ sí lọ́sàn-án. Oòrùn ń gba àárín imọ̀ ọ̀pẹ kọjá, ó ń tú ká sórí ilẹ̀. Mo wò ó títí. Ti Ẹtu, ẹrẹ̀ odò ni. Nígbà tí odò fà, ẹrẹ̀ náà gbẹ, ó sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àfi bíi pé ẹnì kan ti gé ìrépé síbẹ̀ dè mí."

Oká rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. "Ẹrẹ̀! Èmi tí mo fi abẹ́rẹ́ lé ọ lẹ́nu, ẹrẹ̀ lo fẹ́ fi tàn mí jẹ."

"Ìyá mi, mi ò tàn yín. Ẹ bá mi lọ lọ́la, kí á jọ wò."

Oká ti yí padà, ó ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ̀ lé Òjòlá lẹ́yìn ní kọ̀rọ̀. Ó rí i tó dùbúlẹ̀ létí omi, tó gbé orí lé ilẹ̀, tó ń wo Ahun tó sùn síbẹ̀. Ó ń wò ó ṣáá. Oòrùn gòkè, Òjòlá kò mira. Nígbà tó wá dìde tó lọ, Oká yọ jáde, ó fi orí ti Ahun jí.

"Dìde ńlẹ̀! Kí ni Òjòlá gbé pa mọ́ sábẹ́ rẹ?"

"Sábẹ́ mi kẹ̀?" Ahun na ọrùn jáde. "Ẹ̀yìn mi ló ń wò. Ó ní ẹ̀yìn mi dára."

"Ẹ̀yìn rẹ yìí?"

Oká wò ó. Ẹ̀yìn ahun lásán ló rí, èyí tó ti ń rí láti kékeré. Ó taari Ahun sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi imú tú iyanrìn abẹ́ rẹ̀ wò. Iyanrìn náà ló bá níbẹ̀, kò bá nǹkan mìíràn. Ó lọ sílé, ó ń bínú sí Òjòlá pé ó mọ bí a ti ń fi nǹkan pa mọ́.

Ìgbà ọyẹ́ ń sún mọ́lé nígbà tí Ìyá Erin bímọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Oká gbọ́ tí ilẹ̀ ń mì tìtì lójúde rẹ̀. Ó yọjú, ó rí Ìyá Erin fúnra rẹ̀ tó dúró síbẹ̀. Inú Oká dùn débi pé ó gbàgbé láti yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. Ó tẹ́ ẹní, ó bu omi.

"Ẹ kú ewu ọmọ o! Ẹ wọlé, ẹ wọlé."

"A ò ní wọlé, ẹ ṣeun," Ìyá Erin dáhùn. "Ọ̀nà ni mo wá bèèrè. Wọ́n ní àdúgbò yìí ni Òjòlá ń gbé, ẹni tó ń ránṣọ."

Oká wo ẹní tó tẹ́. Ó wo omi tó bù. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀, òun gan-an kò mọ̀ pé ó wà nínú òun.

"Òjòlá ti rìnrìn àjò," ó ní. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Ohun tó bá lè ṣe, èmi náà lè ṣe é."

"Ó dáa nígbà náà. Ọmọ mi ń sunkún ṣáá. Aṣọ tó máa wò títí tí yóò fi dákẹ́ ni mo fẹ́. Ẹ má bínú o, n ò fẹ́ aró kan, funfun kan."

Oká gba iṣẹ́ náà. Ó jókòó tì í. Ó to ìrépé sílẹ̀, ó bá a ní aró kan, funfun kan. Ó tú u, ó tún un tò. Aró kan, funfun kan náà ni. Ó jáde lọ wo ìta, ṣùgbọ́n bó bá ti wo igi, Òjòlá ni yóò rò. Bó bá wo omi, Òjòlá náà ni. Owú ti dí i lójú, kò rí nǹkan kan.

Ló bá lọ sílé Òjòlá láti yọjú wò. Òjòlá kò sí nílé, ó wá oúnjẹ lọ. Ẹyin rẹ̀ wà nínú ihò, ó fi aṣọ bò wọ́n. Aṣọ náà fẹ̀ nítorí ẹyin pọ̀. Bí ẹ̀yìn ahun ló rí, olósùn wà láàárín, aró yí i ká, gbogbo rẹ̀ ń wọ inú ara wọn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Oká kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ó wò ó, ọkàn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, díẹ̀ báyìí ni. Lẹ́yìn náà ló rántí ẹni tó rán aṣọ náà.

"Oòrùn ṣì ń ràn," ó sọ fún ara rẹ̀. "Òtútù ò ní mú wọn kí ìyá wọn tó dé."

Ó ká aṣọ náà, ó gbé e lọ.

Ọmọ erin rí aṣọ, ó dákẹ́ wẹ́lo. Ìyá Erin dúpẹ́ títí. "Kí lẹ wò kí ẹ tó rí irú ọnà yìí?" ó bi í. Oká ní ọwọ́ òun dí, ó yáa ń lọ sílé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọyẹ́ já wọ igbó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Oká gbọ́ ohùn Òjòlá.

"Ìyá mi o! Ìyá mi Oká, ẹ gbà mí!"

Ó fi abẹ́rẹ́ méjì sẹ́nu, ó lọ síbẹ̀. Ó bá Òjòlá tó fi gbogbo gígùn ara rẹ̀ ká ẹyin mọ́ra, ó ń gbọ̀n gìrìgìrì kí ara rẹ̀ lè gbóná sí wọn. Ẹyin kan yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti tutù pátápátá.

"Ẹnì kan gbé aṣọ àwọn ọmọ mi," Òjòlá wí. "Ìyá mi, ẹ̀yin nìkan ni mo lè ké pè. Ẹ bá mi rán òmíràn. Kódà kó jẹ́ aró kan, funfun kan."

Oká wo ẹyin tó tutù náà. Ó fẹ́ sọ òótọ́. Ó kù díẹ̀ kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kó tó la ẹnu, ilẹ̀ mì tìtì, Ìyá Erin sì yọ láti ọ̀nà odò, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, aṣọ náà wà lẹ́yìn ọmọ.

"Ta nìyí?" Ìyá Erin bèèrè.

"Èmi Òjòlá ni."

"Òjòlá? Wọ́n ní o rìnrìn àjò."

"N kò lọ síbì kankan, mà. Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí aṣọ yẹn? Ti ọmọ mi ni."

Ìyá Erin yí ojú sí Oká. Òjòlá náà tẹ̀ lé ojú rẹ̀.

"Ìyá mi," Òjòlá ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bí ẹ bá bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ṣebí n ó fún yín."

Bó bá bú Oká ni, ì bá sàn jù. Oká di ẹnu pọ̀ pinpin kí ẹkún má baà já. Ó gbàgbé pé abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu òun. Abẹ́rẹ́ méjèèjì wọ inú èrìgì òkè, wọ́n há síbẹ̀. Gbogbo owú tó ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí wá, tó korò tó sì dúdú, ru sókè láti inú rẹ̀ wá, ó kún ìdí abẹ́rẹ́ náà. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì, èémí nìkan ló ń jáde: ṣíì, ṣíì. Ó sá wọ inú igbó.

Ìyá Erin fi imú gbé aṣọ, ó fi bo Òjòlá àti ẹyin rẹ̀. Òjòlá kò kúrò lórí wọn títí wọ́n fi pa. Nígbà tó dìde, aṣọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, kò ṣeé bọ́ mọ́. Kò sì fi ẹnu kan abẹ́rẹ́ mọ́ láéláé.

Oká ní tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ igi ńlá kan, ó fi ewé gbígbẹ bo ara. Kò níbi tó lè lọ, kò sì lẹ́ni tó ń wojú rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Nígbà tó pẹ́, nítorí kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe, ó wo ewé tó wà níwájú rẹ̀.

Ewé kan pọ́n, ìkejì rẹ̀ ti ṣá, ó rí bí ẹ̀kọ. Òmíràn ti dúdú létí, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ lé èyí tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n ti to ara wọn sílẹ̀, ó ku kéèyàn rán wọn.

"Háà," Oká ní nínú ara rẹ̀. "Òun náà nìyí. Òótọ́ ni ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ sọ fún mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi abẹ́rẹ́ tó há sí i lẹ́nu rán ewé lé ewé sára ara rẹ̀, láti ọrùn dé ìrù. Aṣọ tó rán lọ́jọ́ náà, kò sí irú rẹ̀ nínú igbó.

Ọ̀kẹ́rẹ́ rí i láti orí igi. "Ìyá Oká! Ẹ̀yin lẹ rán èyí? Ó mà dára o! Ó dára tó ti Òjòlá!"

Bí Oká ti gbọ́ orúkọ yẹn, ẹnu rẹ̀ là fúnra rẹ̀. Oró kán láti ẹnu abẹ́rẹ́ sórí olú kan nísàlẹ̀, olú náà sì rọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ pariwo, ó sá gun ṣóńṣó igi lọ.

Láti ọjọ́ náà ni òjòlá ti ń ká ara rẹ̀ mọ́ ẹyin rẹ̀, tó ń gbọ̀n lé wọn lórí. Láti ọjọ́ náà sì ni abẹ́rẹ́ méjì ti wà lẹ́nu oká, owú tó di oró sì wà nídìí wọn. Àárín ewé gbígbẹ ló ń sùn sí, kì í tètè kúrò lọ́nà fẹ́nikẹ́ni. Òun ló wọ aṣọ tó dára jù nínú igbó, kò sì sí ẹni tó lè sún mọ́ ọn wò ó.