Òkété àti Òjìji Igi Ọdán

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbiri, ó yí gbiri, ó dúró lórí Òkété onírù gígùn. Mórẹ̀nikẹ́, jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ jàre, ẹ̀pà yẹn kò ní sá lọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, Òkété bẹ ọ̀wẹ̀ ebè kíkọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta wá: Ẹfọ̀n, Àgbò àti Ìgalà. Wọ́n ṣàdéhùn pé bí òjìji igi ọdán etí oko bá ti kó jọ sí ìdí rẹ̀ lọ́sàn-án, wọn yóò simi lábẹ́ rẹ̀, wọn yóò mu omi.

Ṣùgbọ́n olójúkòkòrò ni Òkété. Ó ní bí wọ́n bá ń simi, ebè ò ní pọ̀. Kí wọ́n tó dé láàárọ̀, ó ti fi eyín gé ọdán lulẹ̀, gbàà!

"Òkété, igi dà?"

"Afẹ́fẹ́ ló wó o. Ẹ máa kọbè, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi àtàtà!"

Ó gun kùkùté, ó ń pàṣẹ. Oòrùn ń ta ganrínganrín. Òógùn ń ro tó, tó, tó. Ẹsẹ̀ Ìgalà ń gbọ̀n, Àgbò ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n bẹ Òkété pé kó fún àwọn lómi.

"Òjìji ọdán ò tíì dé ìdí rẹ̀ o!"

Ni wọ́n bá fi orin sẹ́nu. Ẹ gbè é dáadáa, àbí ẹ ò jẹun ni?

Òkété, ọ̀fun wa gbẹ,
*Òjìji dà?*
Oòrùn ń jó wa látàrí,
*Òjìji dà?*
Omi ń bẹ nínú agbè,
*Òjìji dà?*

Òkété fẹ́ rín wọn fín. Inú ihò tútù ló ń gbé láti kékeré, kò mọ agbára oòrùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu ni. Òòyì kọ́ ọ. Ó ṣubú, gbì!

"Yéè! Ẹ gbé e sábẹ́ igi!" Àgbò ló pariwo bẹ́ẹ̀. Igi wo?

Ẹfọ̀n ò bá Òkété wí. Ó la ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó dúró ṣíji bo Òkété, oòrùn ń jó òun fúnra rẹ̀ lẹ́yìn. Ìgalà ń da omi sí Òkété lórí àti láyà, Àgbò ń fi ewé fẹ́ ẹ. Ìgalà ń sunkún pé, "Òkété wa, má lọ o!"

Nígbà tó yá, Òkété lajú.

"Ṣé òjìji ọdán ti dé ni?"

"Rárá o, ọ̀rẹ́ mi," Ẹfọ̀n dá a lóhùn. "Òjìji tèmi nìyí. Rọra mu omi."

Òkété bú sẹ́kún. Ó mu díẹ̀, ó sì ti agbè sọ́dọ̀ wọn. Láti ọjọ́ náà, Òkété kì í jáde bí oòrùn ò bá tíì wọ̀.

Ibi tí àlọ́ mi fìdí kalẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá parọ́, kí omi tútù má tù mí lọ́fun. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ nínú oòrùn, kó fún àwọn tó bá wá lómi, kó wá ibòòji fún wọn, kó jẹ́ kí wọ́n simi. Ẹni tó gé igi ibòòji, kò mọ̀ bóyá òun gan-an ni wọn yóò gbé wá sábẹ́ rẹ̀.

Mórẹ̀nikẹ́, bu omi fún àbúrò rẹ.