Ìbíyẹmí Ayafọ́tò, Ẹni Tó Ka Ìran Wa Láti Ìsàlẹ̀ Dé Òkè

Ọdún tí wọ́n sọ wá di aláìníran lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwa ọmọ Ẹfúnyẹlá tó ń gbé Ìsàlẹ̀-Odò ní ìlú Odò-Àyán kò dín ní ẹgbẹ̀ta ènìyàn. Ibẹ̀ la bí wa sí, ibẹ̀ la sì sin àwọn baba wa sí. A ṣàdédé gbọ́ lọ́jọ́ kan pé Olóyè Látúndé, ọkùnrin tó fi owó gba oyè méjì láàárín ọdún kan, ti gbé ohun tó pè ní igi ìran Ògúnwándé, àtòkọ ẹni tó bí ẹni láti ìran dé ìran, síta kí gbogbo ayé lè rí i. Ògúnwándé ni ọdẹ tó tẹ ìlú wa dó. Kò sí àgbà ní Odò-Àyán tí kò mọ̀ pé ọmọ méjì ló bí: Ọdẹ́wálé, ọkùnrin, tí ìran Látúndé ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ wá, àti Ẹfúnyẹlá, obìnrin, tó bí ìran tiwa, tí baba rẹ̀ sì fún ní Ìsàlẹ̀-Odò kí ó tó kú. Nínú igi tí Látúndé gbìn, ọmọ kan ṣoṣo ni Ògúnwándé bí. Ó ti pa Ẹfúnyẹlá rẹ́ pátápátá. Ohun tó kọ nípa wa ni pé a jẹ́ ọmọ ẹrú tí Ọdẹ́wálé fàyè gbà sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ó tẹ ìwé náà jáde, ó gbé e lọ sí ààfin, ó ní kí Kábíyèsí lé wa kúrò, nítorí òun ti rí àwọn tó fẹ́ fi ilẹ̀ náà kọ́ ilé iṣẹ́. Kábíyèsí fún wa ní ọjọ́ mọ́kànlélógún láti mú ẹ̀rí wá.

Mo ti kọ ìtàn ogun tó jó ilé, mo ti kọ ti èyí tó kó ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣòro fún mi láti kọ tó èyí. Ogun tó bá gbé ìbọn dání, èèyàn lè gbọ́ ìró rẹ̀ kó sá. Ẹni tó jókòó sórí àga tìmùtìmù, tó fi ìka kan ṣoṣo pa ìyá ẹgbẹ̀ta ènìyàn rẹ́, orúkọ wo la fẹ́ pè é?

Nígbà tí ìdílé péjọ, àwọn ọ̀dọ́ ti pọ́n àdá. Wọ́n ní ọ̀nà ilé Látúndé kò jìn. Ìbíyẹmí ló dìde láàárín wọn. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni nígbà náà, opó tó fi fọ́tò yíyà tọ́ ọmọ mẹ́rin, ọmọ bíbí Láníhún. Ìbíyẹmí a-rí-ojú-má-gbàgbé, obìnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ ń kún ilé. Ogójì ọdún ló ti ń ya àwọn ará ìlú, kò sì sí ọmọ tuntun tàbí òkú àgbà tí kò kọjá níwájú ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi àdá sílẹ̀! Bí ẹ bá ṣá a pa, ohun tó kọ ò ní kú. Ìwé ló fi purọ́ mọ́ wa, ìwé la ó fi dá a lóhùn. Ibi tó gbé igi tirẹ̀ sí ni n ó gbé tiwa náà sí, gbogbo ayé ni yóò sì rí i."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ó béèrè pé ṣé Màmá mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà ni. Ó dáhùn pé òun ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òun mọ ìyá ńlá òun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Rájí, ọkùnrin tó ń bá àwọn ará ìlú fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé létí ọjà. Rájí bá a ṣí ímeèlì, ó bá a wá ìkànnì tí wọ́n ti ń to igi ìran, ó sì ní kí ó sọ orúkọ àkọ́kọ́.

"Ògúnwándé," ni Ìbíyẹmí wí.

"Rárá o, Màmá. Orúkọ yín ni wọ́n ń béèrè."

"Tèmi kẹ̀? Ṣé èmi ni mo tẹ ìlú dó ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ara ẹni lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ara yín, kí ẹ kọ bàbá àti ìyá tó bí yín, lẹ́yìn náà àwọn tó bí wọn. Bí ẹ bá dé ibi tí kò dá yín lójú, ẹ dúró títí ẹ ó fi rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tàbí ìwé tó sọ ọ́. Àwọn tó bá sì wà láàyè, ẹ má gbé ọjọ́ ìbí wọn síta láìbéèrè lọ́wọ́ wọn."

Ìbíyẹmí pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Háà! Mo ti mọ bí ọkùnrin yẹn ṣe rí i ṣe. Òkè ló ti bẹ̀rẹ̀! Ó mú olókìkí, ó wá ń tò ó sọ̀kalẹ̀ bó ṣe wù ú. Èmi ó gùn ún láti ìsàlẹ̀ ni. Kọ ọ́, Rájí: Ìbíyẹmí, ọmọ Láníhún."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwé ìrìbọmi bàbá rẹ̀ wà nínú àpótí, ó mú un wá. Orúkọ Ọlábọ̀dé, bàbá bàbá rẹ̀, wà nínú ìwé náà. Ó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, ó ń gbé fọ́tò àtijọ́ síwájú àwọn arúgbó, ó ń béèrè, "Ta lẹni yìí? Ta ló bí i?" Ohun tí ènìyàn méjì bá sọ ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó sì bára mu, ó kọ ọ́, èyí tí kò bára mu, ó fi àmì ìbéèrè sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá Ọlábọ̀dé, kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù.

Wọ́n júwe arúgbó kan fún un ní abúlé Ẹlẹ́rìn, Ìyá Dúnmadé, ọmọ àbúrò Ọlábọ̀dé, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ìbíyẹmí gun ọ̀kadà lọ bá a. Ìyá náà ní, "Ìyá àgbà mi mà lẹ ń béèrè yẹn! Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹfúnyẹlá. Ọkọ rẹ̀ ni Ajéigbé. Wọ́n rà á wá láti òkè odò Ọya ni, nígbà tó ṣì kéré. Ẹfúnyẹlá ló rà á, òun náà ló sì fi ọmọ fún un nígbà tó rí ìwà rẹ̀."

Ìbíyẹmí jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ó béèrè pé kí ni orúkọ tí ìyá ọkùnrin náà sọ ọ́ kí wọ́n tó rà á. Ìyá Dúnmadé mi orí. "Kò sẹ́ni tó bi í, ọmọ mi."

Nígbà tó délé tó ròyìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Fájínmi, mọ́gàjí tó jẹ́ olórí ìdílé wa, fò dìde. "O ò gbọdọ̀ kọ ọ́! Ọkùnrin yẹn pè wá lọ́mọ ẹrú, o wá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ bá a kọ ọ́? Fi òmíràn sí i. Sọ pé ọmọ oyè ni láti ìlú mìíràn."

Èmi tí mò ń kọ ìtàn yìí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ojú sì ń tì mí láti sọ pé mọ́gàjí ni mo gbè lẹ́yìn. Ìbíyẹmí wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ yà wá ní fọ́tò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́. Wọ́n jí ọkùnrin yìí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n gba orúkọ rẹ̀. Ó kọ́lé fún wa, ó bí wa, ó kú. Ẹ wá fẹ́ kí n pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì? Kí wá ni ìyàtọ̀ tiwa pẹ̀lú Látúndé?" Ó padà sí ọ̀dọ̀ Rájí, ó sì ní kí ó kọ ọ́ báyìí: *Ajéigbé, ọkọ Àwẹ̀ró. Wọ́n rà á ni. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, a kò mọ̀ ọ́n.*

Ó ku kí ó so Ẹfúnyẹlá mọ́ Ògúnwándé. Látúndé ti fi katakata wó ibojì Ẹfúnyẹlá, òkúta tó wà lórí rẹ̀ sì ti di èérún. Ìbíyẹmí fi ọjọ́ mẹ́ta tú páálí àwọn fọ́tò tó yà nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Nísàlẹ̀ páálí keje ló ti rí èyí tó yà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkúta náà dúró. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ hàn kedere: *Ẹfúnyẹlá, ọmọ Ògúnwándé, ìyá Àwẹ̀ró.* Ọkùnrin tó gbé ọwọ́ lé òkúta, tó ń rẹ́rìn-ín, ni bàbá Látúndé fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, ààfin kún dé ẹnu ọ̀nà. Látúndé dìde, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Ògúnwándé, ó ka ìran rẹ̀ bọ̀ wálẹ̀, ó wá nàka sí wa. "Kábíyèsí, kí ẹrú má ṣe bá ọmọ pín ogún!"

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀. "Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Èmi ni Ìbíyẹmí. Láníhún ló bí mi. Ọlábọ̀dé ló bí Láníhún. Àwẹ̀ró ló bí Ọlábọ̀dé fún Ajéigbé, ẹni tí wọ́n rà. Mo tún un wí, Kábíyèsí: wọ́n rà á. Olóyè yìí rò pé èébú ni. Baba ńlá mi ni. Ẹni tó rà á ló yẹ kí ojú tì, ẹni náà sì jẹ́ ìyá ńlá mi, mo kọ òun náà síbẹ̀. Ẹfúnyẹlá ló bí Àwẹ̀ró. Ògúnwándé ló bí Ẹfúnyẹlá. Ẹ wo ẹni tó jẹ́rìí sí i." Ó gbé fọ́tò náà lé ọwọ́ ọba.

Kábíyèsí wò ó pẹ́. Ó ní kí Látúndé súnmọ́ tòsí. "Olóyè, ta nìyí?"

Látúndé wo fọ́tò náà. Ó nu ojú. "Bàbá mi ni, Kábíyèsí."

"Ṣé bàbá rẹ purọ́ ni, àbí ìwọ?"

Wọ́n fi Ìsàlẹ̀-Odò sílẹ̀ fún wa lọ́jọ́ náà, Kábíyèsí sì pàṣẹ pé kí Látúndé tún ibojì tó wó kọ́. Àbúrò Látúndé obìnrin ló kọ́kọ́ wá bá Ìbíyẹmí kí oṣù tó parí, pé kí ó fi orúkọ òun kún igi tòótọ́.

Ọdún kẹfà rèé tí Ìbíyẹmí ti wọ káà ilẹ̀. Igi tó gbìn ti ní orúkọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, láti Odò-Àyán dé ẹ̀yìn òkun. Ní ìlú wa lónìí, ọjọ́ tí a bá sọ ọmọ lórúkọ la ń kọ ọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀, a kì í sì í bo ẹni tí wọ́n rà mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó lè jẹ oyè mọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dúró ní ààfin, kí ó ka ara rẹ̀ lọ sókè dé ìran karùn-ún, tọkùnrin tobìnrin, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn tó ti wà lórí oyè tẹ́lẹ̀. Àwọn olóyè mọ́kànlá ló ti ka tiwọn. A ṣì ń retí Látúndé.